Ohun Tí Mo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù Tìjání

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta, 2025

Ìwé tuntun, bírò tuntun. Bọ́sẹ̀dé ló ní kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pé tí a bá dé orí òkè yẹn tán, a ò ní rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó dáa.

A jẹ́ mẹ́fà. Oman là ń lọ, lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn òkè olókùúta tó wà láàrin aṣálẹ̀. Wọ́n ní ìgbà ìrúwé ni oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wọn, pé ooru ò tíì ní dé. Ọjọ́ márùn-ún la máa fi rìn. Èmi! Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ bisikíìtì, tí kì í kúrò ní Àgídìngbì àfi tí Kérésìmesì bá gbé e lọ sí Ìkéré.

Lónìí, láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́ dé Opebi, àlọ àtàbọ̀, bàágì lẹ́yìn, ogún ọ̀rá omi nínú bàágì. Kọ́mándà ló wà níwájú. Kọ́mándà — Tìjání nìyẹn, olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ wa. Òun ló dá ẹgbẹ́ agunkè yìí sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó tún wà nínú ààwẹ̀ o. Kò mu omi, kò jókòó. Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa tí a jẹun là ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọjọ́rú, 12

Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò sí nǹkan míì.

Ẹtì, 14

Fọ́ọ̀mù dé. Àwọn tó máa mú wa gun òkè ní kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, kó sì fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Ìfúnpá Tíṣà ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. (Bọ́sẹ̀dé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Láti ilé ìwé girama la ti jọ ń bọ̀.) 160 lórí 98. Mo ní kó sinmi, mo tún un wọ̀n. Bákan náà. Ó ní, "Bùsọ́lá, jọ̀ọ́, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Mo ní mi ò lè kọ irọ́. Ó sunkún. Mo fún un lóògùn, mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ṣubú ní ilé ìdáná tí wọn ò dìde mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27

Tíṣà: 134 lórí 84. Ó jó yí gbogbo kílíníìkì ká. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà.

Kọ́mándà ló dé kẹ́yìn, nígbà tí mo ti ń ti ilẹ̀kùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Sista, wọ́n fẹ́ẹ́ pe ìrun, mo fẹ́ lọ ṣínu. Ẹ kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Àbí ẹ ò rí mi ni?" Mo ní kó jókòó fún ìṣẹ́jú méjì péré. Ó ní, "Tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ẹ́ wọ̀n, ta ló kù tí ara ẹ̀ le nínú ẹgbẹ́ yìí?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo kọ ọ́. 120/80. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ pé ṣé ó ń lo oògùn kankan. Mo fàmì sí "rárá". Ó gba fọ́ọ̀mù, ó sáré lọ.

Àìkú, 30

Ọdún. A lọ kí Kọ́mándà nílé rẹ̀ ní Agége. Ẹran rẹpẹtẹ. Mo tẹ̀ lé Hameedah, ìyàwó rẹ̀, lọ sí ilé ìdáná láti bá a gbé abọ́. Ó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú. Ó ní, "Anti Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣì ń wò mí, ó ń la ẹnu — Kọ́mándà bá wọlé wá, ó ní kí là ń sọ níbẹ̀ yẹn. Hameedah yíjú sí ìkòkò.

Ìka rẹ̀ tutù. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi ni, mo mọ̀. Síbẹ̀ mò ń rò ó láti ọ̀sán.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìkẹjà náà ni, iwájú ilé wa báyìí, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé mo ti jìnnà sílé. Kọ́mándà ń ka orí wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní a jẹ́ márùn-ún. Ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀.

Ajé, 7

Mi ò mọ̀ pé òkúta lè pọ̀ tó báyìí. Kò sí igi. Kò sí ẹyẹ. Pupa, eérú, dúdú, títí dé ibi tí ojú ríran dé. Tí èèyàn bá sọ̀rọ̀, òkè a dá ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀, bíi pé ẹlòmíì ló ń rò ó wò kó tó sọ ọ́. Wákàtí méje lórí ìrìn. Ẹnì kankan ò ṣubú. Kọ́mándà ṣe olórin, olóúnjẹ, adájọ́. Tíṣà ń rìn bí ọmọ ogún ọdún.

Ìṣẹ́gun, 8

Ooru. Amọ̀nà wa, ọmọ abúlé tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, sọ pé ooru tọdún yìí tètè dé ju bó ṣe yẹ lọ. Kànga tí a gbójú lé ní ọ̀sán — ó ti gbẹ. Òkú ewúrẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ ti lẹ̀ mọ́ eegun. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn ààrò bisikíìtì ni.

A pàdé àwọn òyìnbó méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò kí wa. Èyí obìnrin kàn mi orí.

Mò ń wo Tíṣà ní gbogbo ìgbà. Ojú, ètè, èékánná. Ó ti sú u. Ó ní kí n yé wo òun bí ọmọ ìkókó. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Kọ́mándà nìkan ló ń yà sẹ́yìn àpáta láti tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwa yòókù, láti àárọ̀, rárá. Òógùn ti gba gbogbo rẹ̀. Tíṣà ní àgbàrá ló gbé sínú. Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 9

Tìjání kú.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́nà míì.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ àná la gbéra lọ sí ṣóńṣó òkè kejì. Amọ̀nà ní ká má lọ. Omi ò tó, ká sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Tìjání ní ọdún méjì la fi múra, a ò wá wòran. A tẹ̀ lé e. Gbogbo wa. Èmi náà.

Òun ló ṣíwájú títí di bí aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá, ó di ẹni ìkẹyìn. Mo rò pé ẹ̀yìn wa ló ń ṣọ́. Tíṣà wá bá mi, ó ní, "Bùsọ́lá, Tìjání pè mí ní Hameedah." Mo ní ó ń bá ẹ ṣeré ni. Kò pẹ́, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Tìjání, ó yí gbirigbiri lọ sínú kòtò. Kò wò ó. Kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo padà lọ bá a. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná janjan, ó gbẹ, kò sí òógùn kankan. Mo ní, "Ọ̀gá Tìjání, ibo la wà yìí?" Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ kejì. Ẹ pa á, ó ti ń jóná."

A gbé e sábẹ́ àpáta tó ní ìbòòji díẹ̀. Gbogbo omi tó kù, ara rẹ̀ la dà á sí. A fi aṣọ fẹ́ ẹ. Amọ̀nà pe ìrànlọ́wọ́, wọ́n ní hẹlikọ́pítà ń bọ̀. Gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì. Mo di orí rẹ̀ mú kó má baà gbá òkúta. Tíṣà ń pe Jésù, amọ̀nà ń pe Ọlọ́run ní èdè tiwọn. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí a gbọ́ ìró rẹ̀ lókè, Tìjání ti lọ.

Wọ́n sin ín lónìí ní abúlé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì. Hameedah àti Afeez, àbúrò Tìjání, ló ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé e. Èmi ni mo bá Hameedah sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ní, "Ṣé ó dárúkọ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ń kó ẹrù rẹ̀ jọ, mo rí páálí oògùn nínú àpò ẹ̀gbẹ́ bàágì. Mo mọ̀ ọ́n. Mò ń fún àwọn èèyàn nílé iṣẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó máa ń fi ìtọ̀ fa omi kúrò lára. Ẹni tó bá ń lò ó ò gbọdọ̀ rìn nínú irú ooru yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kejì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tọ̀ lójú mi, mo rẹ́rìn-ín.

Ká ní ó jókòó. Ká ní mo bi í.

Mo ki páálí náà bọ àpò ara mi. Mi ò fi han ẹnì kankan.

Ajé, 14

Èkó. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ pè mí. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù Tìjání wà lórí tábìlì wọn. Wọ́n tọ́ka sí 120/80. Wọ́n ní, "Ó kéré tán, ọwọ́ tiwa mọ́." Wọ́n ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!

Ọjọ́rú, 16

Òórùn bisikíìtì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ti gbogbo fèrèsé pa.

Ẹtì, 18

Afeez pè. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ọ́ pé ara bùrọ̀dá mi le tó láti gun òkè?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ẹ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Níwájú ìyàwó rẹ̀ lẹ ti máa sọ ọ́ fún mi."

Àìkú, 20

Àjíǹde. Mi ò lè kọrin.

Tíṣà wá lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, fọ́ọ̀mù, oògùn, gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ẹlòmíì. "Ó ti kú, Bùsọ́lá. Wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ. Ṣé ìyẹn máa jí i ni?" Mo ní mo máa sọ fún Hameedah. Inú bí i. Ó ní, "Èmi sunkún sí ẹ lẹ́sẹ̀, o kọ̀. Òun rẹ́rìn-ín lásán, o kọ ọ́ fún un. Kí ló dé?"

Torí pé ẹ̀rù bà mí nítorí rẹ ni, Bọ́sẹ̀dé. Ẹ̀rù ò ba ẹnì kankan nítorí Tìjání. Mi ò lè sọ ọ́ sí i létí.

Ẹtì, 25

Ọ̀tunla ni mò ń lọ sí Agége. Mi ò jẹun.

Àìkú, 27

Mo ti dé láti Agége. Mo fẹ́ kọ ọ́ lónìí.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ tètè lọ, kí n lè bá Hameedah kí Afeez tó dé. Ó wà nínú yàrá, ó ń ṣe opó. Ó ti rù. Ó ní kí n sọ bí ibi tí wọ́n sin ín sí ṣe rí. Mo ní ó mọ́, pé òkè yí i ká, pé wọ́n fi òkúta sàmì sí orí àti ẹsẹ̀. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún.

Mo wá kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, mo ní nǹkan láti sọ. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mo kàn kọ ọ́ ni. Mi ò bi í léèrè oògùn."

Mo ń retí kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí Tìjání gba fọ́ọ̀mù, ó délé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Sista ò tiẹ̀ yọ ẹ̀rọ síta. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun ti dákú ní balùwẹ̀ nínú Rámádánì. Ó mú kí òun fi Kùránì búra pé òun ò ní sọ. "Èmi ni mo ki oògùn bọ àpò bàágì, Anti. Lọ́jọ́ ọdún, mo fẹ́ sọ fún yín nídìí ìkòkò. Ó wọlé. Ká ní kò tiẹ̀ wọlé, mi ò mọ̀ bóyá mo máa sọ ọ́." Kò sunkún. Bí ẹni tó ń ka ìwé ni.

A wo ara wa.

Afeez kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò jókòó. Ó ní, "Ṣé àwọn nìyí?" Mo la ẹnu. Mo búra pé mo la ẹnu láti sọ ọ́. Hameedah ló ṣíwájú mi. Ó ní, "Afeez, fara balẹ̀. Anti ti ṣàlàyé fún mi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Àkókò rẹ̀ ló tó." Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ejìká mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an.

Ejìká Afeez wálẹ̀. Ó sunkún níbi tó dúró sí, ọkùnrin gíga yẹn. Nígbà tó ṣe, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tẹrí ba fún mi. Ó ní kí n máà bínú sí ohùn tí òun fi bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní àwọn gbọ́ pé èmi ni mo di orí bùrọ̀dá òun mú títí ó fi lọ. Ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún un, Ọlọ́run á san án padà fún yín."

Mo ní àmín.