Ọ́ìlì Bí Omi Ló Jẹ Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi tó sùn sí Ajue,

Mo mọ̀ pé òkú kì í ka lẹ́tà. Èmi náà kò mọ̀wé kà, a jọ dọ́gba. Ìyàwó àlùfáà wa ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún tèmi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni. Pikọ́ọ̀pù tí ẹ fi sílẹ̀, èyí tó ń kó kòkó wa láti Ajue lọ sí Ore, ó dákú sójú ọ̀nà. Akínbọ̀dé, ọmọ mi, ọmọ-ọmọ tí ẹ fẹ́ràn jù, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ń rí mi lára.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì? Ẹ ó da díẹ̀ sí ìka, ẹ ó fi àtàǹpàkò ra á, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó wá nù ún sára ṣòkòtò. Ìyá mi bínú sí ṣòkòtò yẹn títí ó fi kú. Ọ́ìlì tó ki bí oyin lẹ máa ń rà. A kò bi yín nídìí. Kí ló dé tí ẹ̀yin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Ojú epo pupa ni Akínbọ̀dé fi ń wo ọ́ìlì. Ẹ mọ̀ wá nílé wa: epo tó mọ́, tó ń ṣàn, tí kò dì nínú ìgò, òun là ń pè ní ojúlówó. Èyí tó bá ki, tó dì, a ó tà á fún àwọn tó ń se ọṣẹ. Ó wá dé ṣọ́ọ̀bù kan ní gáréèjì Ore, ó gbé ìgò ọ́ìlì sókè sí oòrùn bí ẹni ń ra epo ọbẹ̀, ó mú èyí tó mọ́ gaara. Ó ń yangàn bọ̀ wálé.

“Ìyé, ẹ wo ọ́ìlì tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ tuntun.”

“Ṣé ọkọ̀ wa jẹ́ tuntun ni?”

“Ohun tó dára, ó dára náà ni. Ẹ̀yin ẹ máa wo kòkó yín.”

Mo ń wo kòkó mi. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́. Akínbọ̀dé ní kò sí nǹkan kan, ó yí rédíò sókè kó má bàa gbọ́ ọ. Nínú rédíò, ọ̀gá ológun kan ń sọ pé ká mú sùúrù, ọ̀wọ́n yìí yóò kọjá. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ore, wọ́n ń tú ẹrù àgbẹ̀ kiri. Irọ́ méjì ni mo ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tí ọkọ̀ dákú, Ganíyù, mẹkáníìkì yín àtijọ́, ló tú ẹ́ńjìnnì. Ó ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó. Ó fa irin gígùn kan yọ, tó ní kókó-kókó lára, èyí tó ń ṣí fáàfù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, tó sì ń tì í. Káńṣáfù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kókó yẹn ti jẹ, wọ́n rí bí eyín èmi fúnra mi.

“Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, ẹ fi ojú epo sílẹ̀ fún ọbẹ̀,” ni Ganíyù wí. “Ẹ́ńjìnnì àtijọ́, irin ló ń ha irin níbẹ̀. Ọ́ìlì tó ki, tí wọ́n po oògùn irin mọ́, ló ń dúró láàárín wọn. Èyí tí ọmọ yín rà, àlejò tí kì í jókòó ni.”

“Ṣé o lè tún un ṣe?”

“Mo lè tún ọkọ̀ ṣe, Ìyá. Orí Akínbọ̀dé ni n kò lè tún ṣe.”

Kòkó ti gbẹ nílẹ̀ nígbà yẹn. Bí ọkọ̀ kò bá dìde, àwọn alágbàtà tí òṣùwọ̀n wọn ń purọ́ ni yóò wá kó o lẹ́nu oko, iye tó bá wù wọ́n ni wọn yóò sì san. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọmọ-ọmọ yín ṣe? Ó mú ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin wọ àgbàlá mi. Ọkùnrin náà ti ń fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ yín wò. Mo gbé ìgbálẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà ìta.

Ganíyù rí káńṣáfù mìíràn lára irú ọkọ̀ yín kan tó ti kú sí Ago Alaye, òun pẹ̀lú àwọn irin kéékèèké tó ń bá a ṣiṣẹ́, nítorí ó ní wọn kì í ya ara wọn. Èmi fúnra mi lọ ra ọ́ìlì, irú èyí tí àwọn lọ́rì akẹ́gi ń lò, agolo tí wọn kò tíì ṣí. Ọlọ́jà náà ní ó ki jù fún ọkọ̀ kékeré. Mo ní kó gbé e wá, kó pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, Ganíyù fi ẹsẹ̀ tẹ tìrótù tó ń mú ẹ́ńjìnnì sáré mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó sinmi rárá. Akínbọ̀dé ń pariwo pé Ganíyù fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì náà. Ganíyù dá a lóhùn pé bó bá kùn jẹ́jẹ́, ọ́ìlì kò ní dé orí àwọn kókó yẹn dáadáa, àfi kó ké. Ó ké títí. Nígbà tó rọlẹ̀, n kò gbọ́ ariwo ẹ̀kùrọ́ mọ́.

Akínbọ̀dé na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Mosún, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni mo gbé e fún. Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ló fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì mọ̀ ọ́n wà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo rántí pé ẹ ní obìnrin kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yẹn. Mo gbọ́ nígbà náà, n kò gbọ́ mọ́. Ẹ bínú bí ẹ bá fẹ́. Kòkó ti dé Ore, ìṣojú mi ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kò jẹ́ kó kọ́ ọkọ̀ wíwà, tó sì fẹ́ràn yín bẹ́ẹ̀ náà.