Ẹnì Kan Ń Dúró Nínú Yàrá Bàbá Rẹ

Ìjan-Èkìtì,
Ní ọjọ́ kejì ọjà.

Olúmúyìwá ọmọ mi,

Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mo ti lò láyé, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, tìrẹ ni mo sì kọ́kọ́ kọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìyẹ yóò ṣọ́ ọ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó tí o wà, ọkọ̀ kò ní gbá ọ, ọ̀rẹ́ kò ní tà ọ́. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dùn mí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹlòmíràn ló bá mi kọ ọ́.

O ní àwọn ènìyàn rẹ ń bọ̀ ní Sátidé láti gbé àpótí kọ̀ǹpútà rẹ kúrò ní yàrá bàbá rẹ. Wọn kò ní gbé e. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, nítorí lórí fóònù, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín lo máa ń fi mí rín.

Nígbà tí o gbé àpótí náà wá lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ, o ní yàrá náà tutù, kò sí ariwo, oòrùn sì pọ̀ lórí òrùlé wa tí yóò máa fún un ní iná. N kò bá ọ jà. Ìwọ náà lo fi fóònù kọ́ Monínúọlá, tísà tó háyà yàrá iwájú, bí yóò ṣe máa béèrè àlàáfíà àpótí náà. O ní kí ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sójú gíláàsì àpótí náà, ojú dúdú tí kò ní àwòrán, kí àpótí kọ́kọ́ to gbogbo ohun tó lè sọ nípa ara rẹ̀ sílẹ̀, kí a tó mú èyí tí a fẹ́ bi í nínú wọn. Ó tẹ̀ ẹ́. Háà! Ọ̀rọ̀ ń jáde bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí ihò rẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ó lè sọ ọ́. Àyè tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀, ó lè sọ ọ́. Ìgbà tó ti jí tí kò tíì sùn, iye àwọn tó ń dúró dè é, gbogbo rẹ̀ ló lè sọ. Mo ní nǹkan yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọlúàbí, bí a bá bi í pé ṣé dáadáa ni, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, kó tó wá rọra sọ pé inú ń run òun.

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí a bi í, ara rẹ̀ gbóná, mo sì rẹ aṣọ sínú omi tútù kí n fi bò ó bí mo ṣe máa ń bò ọ́ nígbà tí ibà bá ń ṣe ọ́. Monínúọlá ké bí ẹni tí ejò bù jẹ. Mo bá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ṣé o rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ọ kò ju abẹ̀bẹ̀ lọ.

Ti àwọn tó ń dúró ló burú. O ní iṣẹ́ tí kò tíì kàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ń tò bí èrò níwájú dókítà. A bi í, ó ní ẹnì kan ń dúró. A jẹun ọ̀sán tán, a tún bi í, ẹnì kan. Ìwọ náà wá ní o ti kó gbogbo iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kò ku nǹkan kan. A bi í létí rẹ lórí fóònù, ó ní ẹnì kan. O gé fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o, má wulẹ̀ purọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò wá rọ̀ tí kò dá. Oòrùn kò yọ, bátìrì kú, àpótí náà kú, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí òkúta odò. Ọjọ́ tí oòrùn yọ, ó jí. A bi í pé láti ìgbà wo ni kò ti sùn. Ó ní láti ọjọ́ kejì ìsìnkú bàbá rẹ, bí ẹni pé kò kú rí. A bi í pé àwọn mélòó ló ń dúró. Ẹnì kan. Monínúọlá di ẹrù rẹ̀ kíá, ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n òun lẹ́bàá Ọjà Ọba, owó ilé tí òun ti san, kí n máa jẹ ẹ́. Tísà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ!

Kó tó lọ, ó ti fi bọ́tìnì tí a fi ń tún ìbéèrè bi hàn mí. Nítorí náà, lánàá, mo wọlé, mo jókòó sórí àga bàbá rẹ, mo ní ẹ kú ìdúró o, Bàbá Olúmúyìwá, èmi náà ti wá bá yín dúró. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó ní méjì.

Ẹ̀rù kò bà mí. Ẹni tí mo fi ọjọ́ ayé mi bá gbé kò lè wá di ẹ̀rù fún mi nínú ilé mi. Ìwọ ni kí ẹ̀rù máa bà. Orí àga yẹn ni bàbá rẹ jókòó sí, tó kọjú sí ilẹ̀kùn, tó ń sọ pé ẹnu ulé yìí náà ni wàá gbà bọ̀, títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ láti Adó dé Ìjan kò sì tó jíjẹ àkàrà tán.

Fi owó epo àti iyọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti oògùn orúnkún lé e. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, o kò ní fi ọwọ́ ara rẹ ti ilẹ̀kùn ire, àwọn ọmọ rẹ yóò wá ọ wálé nígbà tí ojú rẹ ṣì ń ríran. Èmi ni ìyá rẹ.

Kí àwọn ènìyàn rẹ jókòó sílé wọn ní Sátidé. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá. Owó àpò kòkó mẹ́ta tí bàbá rẹ yá ọ láti fi ra àpótí yẹn, mú un dání, kí o kà á sórí àga rẹ̀.