Ẹni Tí Mo Fi Kọ̀ǹpútà Lé Lọ Sílé

Olóòtú wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Máníjà ni mí ní ilé ìtajà kan tí ọjà wọn kì í wọ́n. Àwọn ọ̀gá òkè ò fún wa lóṣìṣẹ́ tó tó, wọn ò sì fẹ́ kí wákàtí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lé. Ni mo bá ń dọ́gbọ́n sí i: tí aago mẹ́rin bá ti lù, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé àwọn òṣìṣẹ́ mi ti lọ sílé, àwọn fúnra wọn ò ní mọ̀, wọ́n á ṣì máa to ọjà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, obìnrin kan nínú wọn já bọ́ lórí àkàbà tí mo ní kó gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Iléeṣẹ́ ní àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ní ó ti lọ sílé.

Mo lọ kí i ní ọsibítù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ bá mi jẹ́rìí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Irú èmi yìí!

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ọmọ mẹ́ta ló sì ń wojú mi. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe? Olóòtú, ẹ rọra kà á o. Obìnrin náà kì í fi ètò yín ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà yẹn. Kẹ́ ẹ tó kà á tán, á ti mọ̀ pé èmi ni.