Bàtà Tí N Ò Ní Bọ́

Bàbá mi àtàtà,

A wà láàyè o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé mi síta ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa ní Odode. Ẹ má wulẹ̀ fajú ro. Bàtà ni mo wọ̀, n ò jalè.

Àtọ̀gbẹ tó pa yín ti mú èmi náà. Èèrà ló tú àṣírí mi, tó ń ṣù bo ibi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, bó ṣe ṣe tiyín. Ní ọsibítù ní Àkúrẹ́, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì kìlọ̀ pé àìsàn yìí máa ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ kú, téèyàn á fi tẹ iná mọ́lẹ̀ tí kò ní mọ̀. N ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán rìn mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún, torí ẹ̀yin lẹ sọ sí mi lọ́kàn.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sán tá a lọ gbàdúrà lórí Òkè Ìdànrè, nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Gbogbo wa bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ mímọ́. Òkúta gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Olúkúlùkù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró gbagidi, tẹ́ ẹ ń kọrin. A pariwo Halelúyà. Ẹ tiẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìrora tó ń dà yín láàmú lẹ́sẹ̀ ti lọ pátápátá.

Iṣẹ́ ìyanu kọ́ o, Bàbá! Ẹsẹ̀ yín ti kú ni. Ó ti bó lábẹ́, ẹ ò mọ̀, ẹ ò sì jẹ́ ká wò ó, torí ẹ ò lè gbé ẹsẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ìgbà tí òórùn fi gba ilé kan, ó ti dú dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Kí lẹ ń tijú èmi ọmọ yín sí? Ta ló yẹ kó fọ ẹsẹ̀ yín bí kì í bá ṣe èmi?

Èmi ò tijú Ìyá. Láràárọ̀ ni mo ń gbé ẹsẹ̀ lé wọn nítan lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn wo gbígbóná omi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nu àárín ọmọ ìka gbẹ, wọ́n á fi àdín pa gìgísẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Kí wọ́n máa wí!

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Alàgbà ọ̀rẹ́ yín dínà mọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn: àfi kí n bọ́ bàtà tàbí kí n padà. Bàtà rọ́bà tuntun ni o, mo sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. N ò bọ́ ọ. Ọlọ́run tó dá ẹsẹ̀ mi mọ ohun tó ń ṣe é. Mo kúkú lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé, mo ń kọrin ju àwọn tó wà nínú lọ.

Ìyá wà nínú ní tiwọn, Ìyá tí kò bá Alàgbà jiyàn rí láyé. Nígbà tí àsìkò ẹ̀rí tó, wọ́n dìde. Gbogbo ìjọ rò pé wọ́n fẹ́ jẹ́rìí. Wọ́n jáde ni. Wọ́n wá bàtà wọn rí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n sì gba orin náà níbi tí mo bá a dé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú sí wa, ẹ bínú. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì pé.

Èmi ni,
ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín títí di òní.