Àlejò Rẹ Dé, Ó Yà sí Ilé Ẹlòmíràn

Ọláfúnkẹ́ ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé tí o ti fi Yèyé rẹ sílẹ̀. Ẹni tó ní bó bá pẹ́ títí ọ̀fọ̀ á fúyẹ́, kò tíì sin ọmọ rí.

Ilé Ìdó-Ọ̀ṣun tí o fi sílẹ̀ láàbọ̀, a ti parí rẹ̀. A ti kan páànù, a ti rẹ́ ẹ, Tiwalolúwa ọmọ rẹ ló fúnra rẹ̀ yan ọ̀dà. Ṣọ́ọ̀bù tí o ṣí ní Òkè Fìà nígbà tí o ti Amẹ́ríkà dé ṣì wà. Kàósárà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ ló dúró tì í, kò jẹ́ kó kú. Tiwalolúwa ti jáde yunifásítì, ó ti wọṣẹ́ ìjọba. Bó bá fẹ́ wọ yàrá mi báyìí, àfi kó tẹrí. O ò rí i, Fúnkẹ́. O ò rí i!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá ọ lọ́dún yìí korò lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí itọ́ tí o tu sínú ike kékeré ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wo ibi tí ìran yín ti wá? Àyẹ̀wò DNA ni o pè é. O pè mí lórí fóònù, ẹ̀rín ò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. O ní òyìnbó fẹ́ wá júwe ilé baba ọmọ Ọbòkun fún un. Nígbà tí èsì jáde, o ní Nàìjíríà náà ni wọ́n rí, o pòṣé, o pa á dé. Èmi àti ìwọ, a ò mọ̀ pé ẹnìkan wà ní Amẹ́ríkà náà tó ń fi ìwé tirẹ̀ wá èèyàn.

Phebe lorúkọ rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá omi. Nínú gbogbo ẹni tí àyẹ̀wò náà bá a rí nílẹ̀ Adúláwọ̀, ìwọ nìkan ló bá tan. Tiwalolúwa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Ó ní ṣe ni wọ́n ń to ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí ti ẹni méjì bá ti rí bákan náà gbọọrọ, a jẹ́ pé baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan ló bí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé ò mọ orúkọ onítọ̀hún. Kò mọ ìlú rẹ̀. Kò sì mọ̀ bóyá ìhà baba rẹ ni tàbí ìhà tèmi.

Ó kọ̀wé sí ọ, o ti lọ. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó wá orúkọ Fákúnlé, orúkọ ilé baba rẹ, kiri títí ó fi kan ilẹ̀kùn Béjidé, àbúrò baba rẹ, n'Íléṣà.

Béjidé! Béjidé kan náà tó ní ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kì í gba ilẹ̀ sàréè nílé baba rẹ̀, nígbà tí o ti tutù tán, tí a ṣì ń wá ibi tí a ó tẹ́ ọ sí. Òun ló jẹ́ kó jẹ́ Ìdó-Ọ̀ṣun ni o sùn sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì gba Phebe. Ó ní ọmọ Fákúnlé ti dé. Ó sọ ọ́ lórúkọ, ó kó gbogbo ilé jọ kí i káàbọ̀, ó gé ilẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, ó sì gbé àwòrán rẹ kọ́ sí pálọ̀. Àwòrán rẹ, Fúnkẹ́! Ẹni tí kò fún ọ ní ilẹ̀, ó fún ọ ní ògiri.

Wọn ò ránṣẹ́ sí mi. Orí Fesibúùkù ni Kàósárà ti rí i, tó gbé fóònù wá bá mi.

Mi ò jà. Mo kàn bi ọmọ rẹ léèrè pé, nínú èmi àti baba ìyá rẹ̀, ta ló fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ tó pa ọ́ pọ̀ mọ́ àlejò yìí? Ó ní kò sí bí a ṣe lè mọ̀ àfi kí ẹnìkan láti ìhà méjèèjì tutọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ sọ ọ́ fún Phebe, òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì mú ike wá. Béjidé tu tiẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀yẹ́, ó ní ìgbà wo la bá ọmọ nílé ìyá. Ẹnu mi gbẹ, ó pẹ́ kí tèmi tó kún ibi tí wọ́n fàlà sí.

Nígbà tí èsì dé, ọmọ rẹ kà á, ó tún un kà. Béjidé àti Phebe ò ní nǹkan kan pọ̀. Èmi àti Phebe ní. Ibi tí tèmi ti bá tiẹ̀ mu tilẹ̀ gùn ju tìrẹ lọ.

Kò yà mí lẹ́nu. Nílé wa ní Ìbòkun, bí a bá bí ọmọbìnrin, a kì í sọ ọ́ lórúkọ kí a má kọ́kọ́ béèrè ẹnìkan. Àgbà obìnrin ilé á ní, "Yéjídé dà?" Àwọn yòókù á ní, "Ó ń bọ̀." Yéjídé ni ọmọ tí ogun gbé lọ létí odò, kí ìyá ìyá mi àgbà tó dáyé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ìyá mi béèrè rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí pé ilé ọkọ la wà. Èmi nìkan ló dá a lóhùn. Ìwé ò sọ pé Yéjídé ló bí ìran Phebe, Tiwalolúwa sì kìlọ̀ fún mi kí n má fi ẹnu ìwé sọ ohun tí kò sọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tún sọnù nílé wa?

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí ilé Ìbòkun gba ọmọ rẹ̀ kí n tó kú. Mo mú Phebe lọ. Ògiri ti wó, igi obì kan ló kù lójúde, igbó ti jẹ ìyókù. Phebe fọwọ́ kan ara ògiri, ó di ọwọ́ mi mú, ó béèrè pé àwọn èèyàn ilé dà. Mo ní èmi nìyí. Tiwalolúwa tú u fún un. Ó ṣì ń wo ẹ̀yìn mi, bíi pé àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ wá jáde.

Béjidé tó bá wa lọ sún mọ́ mi. "Ìyàwó wa, ẹ̀jẹ̀ yín ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tiwa ló ní èèyàn. Èwo lẹ fẹ́ kí àlejò wọ̀ nínú méjèèjì?"

Tiwalolúwa tú ìyẹn náà fún Phebe. Ìdí mọ́tò ni Phebe ti fèsì. Ọmọ rẹ ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, kò lè wojú mi.

"Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Yèyé. Ṣùgbọ́n àwọn t'Íléṣà ti sọ òun di ọmọ. Ó ní òun ò fẹ́ pàdánù ẹbí lẹ́ẹ̀kejì."

Ó padà s'Íléṣà. Wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi dù ọ́. Bó bá rántí, á pè mí lórí fóònù.

Mo sọ fún aládùúgbò pé inú ò bí mi. Irọ́ ni mo pa. Inú bí mi sí Béjidé, inú bí mi sí Phebe, inú tilẹ̀ bí mi sí ọ, Fúnkẹ́. Bí o bá wà níbẹ̀, à bá jẹ́ méjì. Ò bá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ò bá fi òyìnbó ẹnu rẹ bá a ṣeré, ò bá ní kó wá sùn nílé rẹ. Obìnrin arúgbó kan lábẹ́ igi obì kì í jẹ́ ẹbí lójú ẹni tó ti pẹ́ lóko ẹrú.

Wọ́n ní ike kékeré yẹn lè wá ẹni tó sọnù láti ayé ogun rí. Ó ṣeun. Ìwọ ni mi ò nílò ìwé kankan kí n tó mọ̀ pé tèmi ni, ìwọ náà sì ni mi ò rí mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi. Àárò rẹ ń sọ mí lónìí bí ó ti sọ mí lọ́jọ́ tí o lọ.