Ihò Kan Lókè Ibùsùn Bàbá

Olóòtú ètò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyàwó Orí Òrùlé ni kí ẹ pè mí. Ọwọ́ ara wa la fi ń tún ilé àtijọ́ tí à ń gbé ṣe, díẹ̀díẹ̀. Òòyì máa ń kọ́ ọkọ mi, nítorí náà òun ló ń di àkàbà mú, èmi ni mò ń gùn ún.

A ti pààrọ̀ gbogbo pánù, ó ku ti yàrá bàbá ọkọ mi, tí wọn ò lè dìde mọ́. Ojú ìṣó ti di ihò lára pánù ibẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa rìn lórí ibùsùn bí àlejò tó ń yọ́ rìn. Bàbá á ní, "Ìyàwó mi, ó ti dé orúnkún mi, ebi ń pa mí." Bó bá dé àyà wọn, wọ́n á sùn.

Wọ́n ní kí n fi ihò kan péré sílẹ̀ fún àwọn. Ọkọ mi ní, "Ta ní ń kan òrùlé tuntun tó ń fi ihò sí i?" Òótọ́ ni. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́.

Òjò rọ̀ lánàá. Mo gbé abọ́ wọlé, mo bá Bàbá tí wọ́n ti na ife wọn sábẹ́ ibi tó ń jò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ẹ máa ń jáde lọ bá sánmà," ni wọ́n wí. "Tèmi ló ń wọlé wá kí mi."

Pánù tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà, ìṣó wà lápò mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ẹ̀yin á lè dí i?