Ta Ló Fi Fidencio Jẹ Don?

Nereida ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú ìlú ńlá yẹn? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Kí Màríà Mímọ́ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀ ń wọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, tòlótòló wa ti pa ọmọ méje, òjò rọ̀, àgbàdo ń ṣe dáadáa. Èmi nìkan ni nǹkan ò ṣe dáadáa fún. Inú ń bí mi, Nereida! Inú ń bí mi débi pé ọtí mezcal gan-an ò wọ̀ mí lọ́fun mọ́.

Ṣé o rántí Fidencio aládùúgbò wa? Ọ̀lẹ yẹn! Nígbà tí ìlú yàn án pé kó wá ṣe ọlọ́dẹ fọ́dún kan, ṣebí ó sá lọ ká tòmátì fáwọn gíríńgò, àwọn òyìnbó òdìkejì ààlà? Èmi baba rẹ ńkọ́? Mo jíṣẹ́ fún ìlú, mo gbá ṣọ́ọ̀ṣì, mo ta màlúù ìtúlẹ̀ wa méjèèjì kí n lè bọ́ gbogbo ayé lọ́jọ́ ọdún San Lucas, ẹni mímọ́ ìlú wa. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko kí wọ́n tó fi Don, oyè àwọn àgbà, síwájú orúkọ mi!

Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé láti báǹkì kan, wọ́n kọ Don Fidencio sí i. O mọ̀ pé bó bá ṣe wà lórí àpòòwé ni akọ̀wé ìlú ń kà á sínú gbohùngbohùn. Gbogbo òkè ló gbọ́! Fidencio fi gíláàsì bo àpòòwé náà, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ní báyìí wọ́n ti ń ṣí fìlà fún un, wọ́n tún ń sọ pé lọ́jọ́ ọdún, òun làwọn máa gbé sórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà, ní àyè tí olóògbé Don Abundio fi sílẹ̀. Àyè tèmi! Olùkọ́ iléèwé wa sọ pé ẹ̀rọ ló ń kọ Don yẹn, pé gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́ fún. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ẹ̀rọ yẹn gbá rí?

Mo pe báǹkì náà lórí fóònù. Obìnrin kan pè mí ní señor, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lásán, ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ kì í gbọ́ràn. Mo ka gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe fún ìlú, ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní ta ló ní kí wọ́n fi ọ̀lẹ joyè, ó ní kí n tẹ eéjì. Wọ́n wá ń kọrin fún mi, mo ṣí akẹtẹ̀, mo nàró ṣánṣán, mo rò pé orin ẹ̀yẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó yọjú! Jọ̀ọ́, lọ bá ẹni tó ni báǹkì náà nílé, ní kó kọ lẹ́tà míì, kó gba Don rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́bọ̀ ni ẹ̀wù òtútù tó o fi ránṣẹ́ dé. Gbohùngbohùn pariwo pé kí Eleuterio Santiago wá gba ẹrù. Eleuterio lásán! Bí o ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ìwọ ọmọ tí mo bí. Fidencio wà lójúde, ó bú sẹ́rìn-ín. Báǹkì tí ò mọ̀ ọ́n rí ń pè é ní Don, ìwọ tó o sunkún lọ́jọ́ tí mo ta àwọn màlúù yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló wúwo lọ́wọ́ rẹ!

Mo fẹ́ owó díẹ̀ tí n ó fi ra bàtà ọdún. Kó dé kí ọdún tó kò. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ tìrẹ náà ò ní fojú di ọ́. Bí owó ò bá sí, fi àpòòwé òfìfo ránṣẹ́. Ṣáà ti kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà-gàdàgbà, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí.

Èmi ni baba rẹ,
DON Eleuterio Santiago